Ẹni Tó Lọ Bá Onílù Nílé: Ìtàn Àkójọ Orin Yunifásítì Legon

Yunifásítì Ìlọrin pé àádọ́ta ọdún ní 2025. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì gba òmìnira ara rẹ̀ ní 1977. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ eré ìtàgé, ijó àti orin. Zulu Sofola, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n eré ìtàgé ní ilẹ̀ Áfíríkà, ti ṣe olórí ibẹ̀ rí. Bode Omojola, tó kọ Nigerian Art Music, ìwé ọdún 1995 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń fi nóòtì kọ orin, ti kọ́ni níbẹ̀ pẹ̀lú kó tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ìlú tó sì yí ọgbà náà ká, ìlú olórin Odòlayé Àrẹ̀mú ni, ìlú Jáígbádé Àlàó àti Ọmọékéè Àmàó, ìlú orin dàdàkúàdà àti wákà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ dàdàkúàdà lónìí, orí fóònù ni yóò yà sí, tàbí kó lọ bá ẹni tó ṣì ní àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nínú àpótí. Ọkàn rẹ̀ kò ní lọ sí ilé ìkàwé rárá. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ayẹyẹ àádọ́ta ọdún yẹ kó mú ìbéèrè kan dání: kí ni ilé ìkàwé orin wà fún ní yunifásítì ilẹ̀ wa, ọ̀nà wo ló sì ń gbà rí ohun tuntun kó sínú? Ibì kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ti ń bá ìbéèrè yìí jà láti 1952. Legon ni, ní ẹ̀bá Accra, níbi tí Yunifásítì Gánà wà. Ojú ará Ìlọrin ni mo fi wo ìtàn rẹ̀.

Ohùn wa nílé onílé

Àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ kó ohùn Áfíríkà jọ, ilé ara wọn ni wọ́n sì kó o lọ. Vienna dá ilé àkójọ ohùn sílẹ̀ ní 1899, Berlin tẹ̀lé e ní 1900. Ní 1909, ìjọba amúnisìn gba òyìnbó kan, Northcote Thomas, sẹ́nu iṣẹ́, ó sì rìn káàkiri ilẹ̀ Ẹdó àti ilẹ̀ Ìgbò títí di 1913, tòun ti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sára ìda. Orin, ìtàn, ọ̀rọ̀ ẹnu, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Ìda náà wà ní London títí di òní. Ti àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta, baba baba Fẹlá, yàtọ̀ díẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ló kọrin Yorùbá tó lé ní ogójì sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922, àwọn àwo náà sì padà wálé fún títà. Ọjà ló mú wọn padà, kì í ṣe ìmọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ tiwa gan-an ló dùn mí jù nínú ìtàn ìgbà náà. Ní Akropong, ní Gánà tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà yẹn, ìjọ Presbyterian ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Ephraim Amu ń kọ́ orin níbẹ̀. Ó ń fi èdè ìbílẹ̀ kọ orin ìjọ, ó fẹ́ràn ìlù àti fèrè, ó sì ró aṣọ ìbílẹ̀ gun orí àga ìwàásù. Àwọn alàgbà ìjọ kò gbà á. Ní 1933, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ẹ rò ó wò: ọmọ ilẹ̀ náà, lórí ilẹ̀ náà, orin ilẹ̀ náà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, ọmọkùnrin kan láti Mampong ní ilẹ̀ Asante wọ ilé ẹ̀kọ́ Akropong. Joseph Hanson Kwabena Nketia lorúkọ rẹ̀, ọdún 1921 ni wọ́n bí i. Amu ti lọ kó tó dé, ṣùgbọ́n àwọn orin Amu kò bá a lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kọ wọ́n. Ọ̀dọ̀ àwọn orin yẹn ni Nketia ti kọ́ pé èèyàn lè mọ ìwé kó sì mọ ìlù.

1952: Iṣẹ́ ẹnìkan

Nketia lọ sí London ní 1944. Ó kọ́ ìmọ̀ èdè ní ilé ẹ̀kọ́ SOAS, ó sì kọ́ orin ní Trinity College of Music, kó tó padà sílé ní 1949 láti máa kọ́ni ní Akropong tó ti jáde. Ọdún kan ṣáájú ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì ti Gold Coast sílẹ̀. K. A. Busia, tó padà di olórí ìjọba Gánà, ni olórí ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ níbẹ̀. Òun ló pe Nketia ní 1952 pé kó wá máa ṣe ìwádìí lórí àṣà, orin àti èdè àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí yìí, torí ibi tí ìpìlẹ̀ ti wà nìyí. Kò sí ilé tí wọ́n kọ lé Nketia lọ́wọ́, kò sí pẹpẹ ìwé, ìwé tí wọ́n lè rà kún un kò sì tó nǹkan, nítorí pé àwọn tó tíì kọ irú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé lásìkò yìí mọ bí ohun tuntun ṣe ń wọlé: a ó ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí a fẹ́, a ó fi ránṣẹ́ sí olùtàwé, páálí yóò dé. Nketia kò ní olùtàwé tó lè kọ ìwé sí. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, ó lọ bá onílù nílé.

Ẹ̀rọ ìgbà náà wúwo, iná mànàmáná kò sì sí ní ọ̀pọ̀ abúlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ni olórí ìṣòro. Ní ilẹ̀ Akan, gẹ́gẹ́ bíi tiwa, ìlù ní olówó orí. Àwọn ìlù ńlá ààfin, fontomfrom àti atumpan tó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí àlejò á kàn ní kí wọ́n lù fún òun nítorí pé ó gbé ẹ̀rọ dání. A ó kọ́kọ́ rí ọba, a ó rí àgbà onílù, a ó sọ ohun tí a wá ṣe, a ó sì dúró de ìdáhùn. Èyí tó le jù ni orin arò. Obìnrin tí kò ṣòfò, báwo ni yóò ṣe jókòó sun arò fún ẹ̀rọ? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti gbìyànjú àtigba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ nígbà tí kò sí ìyàwó. Síbẹ̀, orí arò gan-an ni ìwé ńlá àkọ́kọ́ tí Nketia gbé jáde lé, Funeral Dirges of the Akan People, ní 1955. Ọ̀rọ̀ arò wà nínú rẹ̀ ní Twi, ìtumọ̀ wà, àlàyé wà lórí ẹni tí wọ́n ń dárúkọ àti ìdí tí wọ́n fi ń dárúkọ rẹ̀.

Ìlànà rẹ̀ nìyẹn, òun ló sì sọ téèpù rẹ̀ di ohun ìkàwé. Orin tí a gbà sílẹ̀ láìsí orúkọ akọrin, orúkọ ìlú, àsìkò àti ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kò yàtọ̀ sí ìwé tí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Nketia ń gba ohùn, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó ń kọ nóòtì sílẹ̀, ó sì ń béèrè.

Ìdí tó fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ tún ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ti Hugh Tracey. Tracey, òyìnbó tó dá ilé àkójọ orin Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ILAM sílẹ̀ ní Roodepoort ní Gúúsù Áfíríkà ní 1954, rin ọ̀nà jíjìn ju Nketia lọ, ó sì gba ohùn ju tirẹ̀ lọ. Ìbẹ̀rù Tracey ni pé orin náà yóò parẹ́. Nketia kọ orin fúnra rẹ̀, ó ń kọ ọ́ fún dùùrù, fún ohùn àti fún fèrè, ohun tó sì wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ọmọ ilẹ̀ náà rí ohun tí yóò fi kọ orin tuntun. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì tóbi púpọ̀, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Legon lẹ́yìn náà ló sì ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà Nkrumah: téèpù ní ẹ̀gbẹ́ onílù

Gánà gba òmìnira ní 6 oṣù kẹta 1957. Ní 1961, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di Yunifásítì Gánà, wọ́n sì dá Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Áfíríkà sílẹ̀ sínú rẹ̀. Thomas Hodgkin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kórìíra ìmúnisìn, ni olùdarí àkọ́kọ́. Ní 25 oṣù kẹwàá 1963, Kwame Nkrumah, ààrẹ Gánà, fúnra rẹ̀ wá ṣí i, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní The African Genius. Kókó ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n má ṣe fi ojú òyìnbó wo Áfíríkà mọ́, kí ìmọ̀ tí wọ́n bá sì rí má ṣe há sínú ọgbà yunifásítì.

Ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ yìí ni mo kà sí ìgbà tí èrò ìpìlẹ̀ Legon fara hàn jù. Wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ orin, ijó àti eré sílẹ̀ ní 1962 mọ́ ti ìmọ̀ Áfíríkà. Ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ oníjó Gánà bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Mawere Opoku pẹ̀lú Nketia. Amu, tí ìjọ lé ní 1933, di ẹni tí yunifásítì ń sanwó fún nítorí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé e. Wọ́n gba onílù àti oníjó láti ìlú wọn, wọ́n sọ wọ́n di olùkọ́, bí wọn ò tilẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí kankan. Téèpù tí Nketia kó jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ ìlù kan lórí téèpù tí kò yé e, ó lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú ní yàrá kejì. Bí onílù náà bá sì ní ohun tó wà lórí téèpù kò pé, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ó gbọ́.

Nketia di olùdarí ní 1965, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1979. Ológun lé Nkrumah ní oṣù kejì 1966. Ilé tó ṣí kò wó. Ìwé jáde lórí ìwé: African Music in Ghana ní 1962, Folk Songs of Ghana àti Drumming in Akan Communities of Ghana ní 1963, kí The Music of Africa tó wá ní 1974, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni ní yunifásítì káàkiri ayé.

Ọdún 1974 yẹn kan náà kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Akin Euba, ọmọ Èkó tó ti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà kó tó bọ́ sí ẹnu iṣẹ́ yunifásítì ní Èkó àti ní Ifẹ̀, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Legon lábẹ́ Nketia. Ìlù dùndún Yorùbá ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé. Nígbà tí ó sọ ọ́ di ìwé ńlá, Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition, ìlú Bayreuth ní Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ní 1990. Ẹ tọ ipa ọ̀nà ìlù yẹn wò: láti ilé àyàn, ó gba Legon, ó já sí Jámánì. A kò lè sọ pé Nàìjíríà kò ní ibi tí ìlù náà ì bá yà sí. Ìbàdàn ti dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Áfíríkà tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1962, olórin Fela Sowande ṣèwádìí níbẹ̀, onímọ̀ Robert Armstrong tẹ ọ̀rọ̀ eré Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ jáde níbẹ̀ ní 1968. Ifẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ohun tó fi Legon ṣe ọ̀tọ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló di okùn náà mú láti 1952, kò sì jù ú sílẹ̀.

Ìgbà tí owó gbẹ

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Láti àárín àwọn ọdún 1970, sídì Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì wọn ló wá sí Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà ni tíṣà ọmọ Gánà kan kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1983 dé: Nàìjíríà lé àlejò, àwọn ọmọ Gánà tó ń lọ sí bíi mílíọ̀nù kan padà sílé tàwọn ti àpò alápòótí tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn ní ọjà wa títí di òní, ọ̀dá sì dúró dè wọ́n nílé. Nketia lọ sí Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ní ọdún yẹn, ó wà níbẹ̀ títí di 1991.

Téèpù kò mọ̀ pé owó kò sí. Ooru àti ọ̀rinrin kì í dúró de ètò ìṣúná. Téèpù àwọn ọdún 1950 tí wọ́n fi acetate ṣe máa ń gbẹ, ó ń ká kò, òórùn bíi ti fíníkà sì máa ń jáde lára rẹ̀ bó bá ti ń bàjẹ́. Àwọn kan lára èyí tó dé lẹ́yìn wọn máa ń lẹ̀ mọ́ra wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n sì fi ń gbọ́ wọn, àwọn tó ń ṣe é jáde ti ń dáwọ́ dúró. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ohun kan wà ní ilé àkójọ, ẹ bi í bóyá ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

1992: Ìwé wọlé

Nketia padà sí Gánà lẹ́ni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti fẹ̀yìn tì pátápátá. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sílẹ̀ ní Legon, ibùdó àgbáyé fún orin àti ijó Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní ICAMD.

Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ti 1952 mọ́. Láàrin ogójì ọdún yẹn, ayé ti kọ ìwé púpọ̀ lórí orin Áfíríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà á wá, á jókòó ti onílù fún ọdún kan, á lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìwé àpilẹ̀kọ rẹ̀ á sì wà ní pẹpẹ ní Los Angeles. Ọmọ onílù náà, bó bá wọ yunifásítì ní Legon, kò ní rí ìwé tí wọ́n kọ lórí bàbá rẹ̀ kà. ICAMD fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ wálé: ìwé, ìwé àpilẹ̀kọ, ìwé ìròyìn ìmọ̀, orin tí wọ́n fi nóòtì kọ, àwo, fídíò. Kì í ṣe ti Gánà nìkan, ti Áfíríkà lápapọ̀ ni.

Mo gbà pé ó pọn dandan. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣàìsọ pé nǹkan kan yí padà níbẹ̀. Ní 1952, ohun tuntun ni èyí tí àgbà kan ní abúlé gbà kí wọ́n gbà sílẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, ohun tuntun di èyí tó wọ inú páálí láti òkè òkun, owó àwọn àjọ olówó òkèèrè ló sì ń gbé ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Bí owó àjọ bá tán, páálí á dúró. Ọ̀nà abúlé kì í ná ju epo ọkọ̀ àti sùúrù lọ. Ilé àkójọ tó bá gbára lé páálí nìkan ti di yàrá ìwé, bó ti wù kí ó kún tó.

Láti téèpù sínú kọ̀ǹpútà

Ní 2008, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìtọ́jú fíìmù àti ohùn ní Yunifásítì New York wá bá àwọn ará Legon ṣiṣẹ́. Orúkọ Nketia ni wọ́n fi ń pe ilé àkójọ ohùn Legon nísinsìnyí, iṣẹ́ tó sì gba ọwọ́ jù níbẹ̀ ni gbígbé ohùn kúrò lórí téèpù sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹni tí kò ṣe é rí lè rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Téèpù wákàtí kan máa ń gba wákàtí kan láti sọ, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ó nu ẹ̀rọ, wọ́n ó lẹ ibi tó já, wọ́n ó wádìí irú ìyára tí wọ́n fi gbà á nígbà náà, torí bí ìyára bá yàtọ̀, ohùn ọkùnrin á di ti ọmọdé. Ìlànà àjọ àgbáyé àwọn ilé àkójọ ohùn ni pé kí wọ́n má ṣe fún ohùn náà pọ̀ kó lè kéré: bít 24, kílóhẹ́ẹ̀tì 48 ó kéré tán, 96 bó bá ṣeé ṣe. Ní ìwọ̀n 96 yìí, wákàtí kan ohùn ọ̀nà méjì ń gba bíi gígábáìtì méjì. Èyí túmọ̀ sí pé ẹgbẹ̀rún wákàtí ń gba bíi téráábáìtì méjì, dísíkì tó lè wọ àpò agbádá. Dísíkì náà kò wọ́n mọ́. Ohun tó wọ́n ni òṣìṣẹ́. Bí ẹnì kan bá ń rí wákàtí mẹ́rin gbé kúrò lórí téèpù lójúmọ́, àádọ́talénígba ọjọ́ iṣẹ́ ni ẹgbẹ̀rún wákàtí yóò gbà, èyí tó tó ọdún kan gbáko, ká tó sọ ti kíkọ orúkọ akọrin, ìlú àti àsìkò sí i. Iná ọba sì gbọ́dọ̀ wà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti yí èrò ìpìlẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kejì nìyí. Téèpù wà lọ́wọ́ ẹni tó dé Legon nìkan. Ohùn inú kọ̀ǹpútà lè padà sí abúlé tó ti wá. Àwọn ILAM ti ṣe irú rẹ̀. Àkójọ Tracey bọ́ sí Yunifásítì Rhodes ní 1978, láti 2014 ni wọ́n sì ti ń gbé ohùn tó gbà sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà padà lọ bá ìdílé àwọn tó kọrin náà. Téèpù Nketia ò nílò ìrìn-àjò tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Inú Gánà kan náà ni Mampong àti Legon wà.

Ti ẹ̀tọ́, àti ti Ìlọrin

Bí ohùn bá ti lè rìn, ta ló ni í? Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Gánà ní 2005 fi àṣà àbáláyé sábẹ́ àbójútó ìjọba, títí láé. Àwọn olórin Gánà fúnra wọn pariwo pé àwọn náà á wá máa tọrọ àyè kí àwọn tó lo orin ìyá àwọn. Mo rò pé àríwísí wọn tọ̀nà. Nketia kó téèpù jọ kí olórin tuntun lè lò ó. Òfin tó bá sọ ọ́ di ohun àtọrọ ń fa okùn sí apá kejì.

Ìṣòro Ìlọrin rọrùn díẹ̀ ju tiwọn lọ. Dàdàkúàdà ní gbòǹgbò àtijọ́, Abdul-Rasheed Na'Allah tó kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin sì ti kọ̀wé lórí rẹ̀ àti lórí ohun tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe sí i, kó tó di ọ̀gá àgbà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Malete. Ṣùgbọ́n àwo dàdàkúàdà ní orúkọ ẹni lára. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sínú àwo wà fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tó bá jáde, ẹ̀tọ́ lórí orin fúnra rẹ̀ sì wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àwo tó jáde ní 1970, ẹ̀tọ́ lórí ohùn inú rẹ̀ ti parí ní òpin 2020. Ẹ̀tọ́ lórí orin kò tíì parí. Ìdílé akọrin ni kí wọ́n lọ bá nígbà náà, ìdílé náà sì ń gbé ní ìlú kan náà pẹ̀lú yunifásítì. Kò sí ilé àkójọ ní Berlin tó ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Nǹkan kan wà tí Legon ní tí kò sí fún títà. Nketia kú ní 13 oṣù kẹta 2019, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó di ẹ̀rọ mú wà láyé, ó lè gbọ́ téèpù kó sì sọ ẹni tó ń lù, ibi tó ti ń lù, àti ìdí tó fi dáwọ́ dúró láàrin kan. Ní Ìlọrin, orúkọ Odòlayé wà gàdàgbà lára àwo. Orúkọ ẹni tó ń lu gángan lẹ́yìn rẹ̀ kì í sábà sí níbẹ̀. Àwọn tó lè gbọ́ ọwọ́ ìlù yẹn kí wọ́n sì dárúkọ onílù ti dàgbà gan-an. Ní Àlànàmú àti ní Ajíkòbi, àwọn àdúgbò Ìlọrin, ni kí ilé ìkàwé kọ́kọ́ lọ béèrè wọn, kó tó fi owó ọdún yìí ra ìwé kankan.